Obìnrin Tó Nu Ọwọ́ Rẹ̀ Gbẹ

Báwo ni ìyá ṣe ń na ọmọ rẹ̀ sí ẹni tí kò mọ̀ rí, láìbi í léèrè orúkọ? Títí di òní, ìyá kan ò tíì rí èsì ìbéèrè yìí. Èyí tó tún wá burú ni pé òun kọ́ ni irú ìyá tó ń fi ọmọ ṣeré. Ṣebí òun ni ọkọ rẹ̀ sọ ní "Ìyá Mí-kí-n-gbọ́", torí bí ọmọ bá ti sùn, á fi etí ti ihò imú rẹ̀, á máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Mí, jọ̀ọ́, mí kí n gbọ́." Ìyá ọkọ pàápàá, àfi kó kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó gbé ọmọ.

Ọkọ rẹ̀ ń tún fìríìjì ṣe. Bí ọjọ́ ìsinmi bá dé, adágún omi kan lẹ́yìn ìlú ló máa ń lọ. Wọn kì í gbé ẹja lọ sílé níbẹ̀. Ẹni tó bá mú un á wò ó, á yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á dá a padà sómi. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Adágún, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi: "Ẹ rẹ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án! Ọwọ́ gbígbẹ ń bó o lára! Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lókè! Bí ẹ bá ń dá a padà, ẹ tì í síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn nínú omi, kó lè mí!"

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, tìyàwó tọmọ ló bá a lọ. Oòrùn ràn, ṣùgbọ́n pákó tí wọ́n tẹ́ wọ inú omi ṣì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀, bíi pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹja kan fi gbé ìwọ̀ mì. Ọkọ fà á sókè, ó fi ọwọ́ gbígbẹ há a mọ́ àyà.

"Ìyá Mí-kí-n-gbọ́, yà mí ní fọ́tò! Kíá!"

"Ọmọ ńkọ́? Ọwọ́ mélòó ni mo ní?"

"Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e," ni ohùn kan wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Obìnrin kan ni. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi ń kán létí aṣọ rẹ̀, síbẹ̀ pákó tó dúró lé gbẹ. Kó tó na ọwọ́, ó mú aṣọ ìnuwọ́ funfun jáde, ó nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó nu àárín ìka kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́, títí kò fi sí ẹ̀kán omi kankan níbẹ̀. Inú ìyá dùn. Ẹ ò rí ẹni tó mọ ọmọ tọ́jú, ló sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ó na ọmọ sí i.

Fọ́tò àkọ́kọ́, ọkọ dijú. Ìkejì, orí ẹja ò hàn. "Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín." Ẹnu ẹja ń là, ó ń pa dé, kò sí ohùn. Bàbá Adágún ń pariwo láti òkèèrè. Nígbà tó tẹ́ ọkọ lọ́rùn, ó ju ẹja sómi bí ẹní ju òkúta. Ẹja náà léfòó, ikùn funfun lókè, kó tó rọra rì.

Ìyá wá yíjú padà.

Obìnrin náà ti wà níbi tí pákó parí sí. Ó gbé ọmọ sókè, ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kan lábẹ́ ìdí. Ó kọjú sómi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń yà ní fọ́tò. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú omi. Ẹnu ọmọ ń là, ó ń pa dé. Kò sí ohùn.

Ìyá sáré gba orí pákó lọ bá wọn. Obìnrin náà yí ọmọ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi ojú wọ̀n ọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kọ ojú ọmọ sí afẹ́fẹ́, ó ń tì í síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ọmọ fi mí kanlẹ̀, tó bú sẹ́kún.

"Ẹ gbà á," ló rọra sọ. "Mi ò jẹ́ kó pẹ́."

Ìyá gbá ọmọ mọ́ra. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, kò sí ẹnì kankan lórí pákó, omi ò sì mì.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó rí ẹ̀jẹ̀ bíńtín lẹ́nu ìgò wàrà. Ihò kan wà nígun ẹnu ọmọ, láti inú, ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé e lọ bá ní eyín ló fẹ́ hù. "Ìyá ọmọ, ẹ lọ sùn. Ẹ̀yin lara yín ò yá." Ọkọ náà fi ṣẹ̀fẹ̀ títí, kó tó gbé ọmọ síbi ìmọ́lẹ̀ iná, kó tó la ẹnu rẹ̀ wò. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó kó gbogbo ìwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ẹnu wọn, èyí tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀ yọ láìya ẹran, pa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lẹ rí?" ìyàwó bi í.

Ó tún mú ìwọ̀ mìíràn. "Ìwọ̀ tí wọ́n lò fún un ò ní ẹ̀gún. Ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ ò fi ya."

Wọn ò tún sọ ọ́ mọ́. Ihò náà san, kò dá àpá. Ìyá sì ń fi ohun kan tu ara rẹ̀ nínú: ẹni yòówù kó jẹ́, aláàánú ni. Ó fẹ́ kọ́ wọn lọ́gbọ́n ni, ó sì dá ọmọ padà. Ó fi ìyẹn sùn fún ọdún gbọọrọ, títí ọmọ fi ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ló pàdé Bàbá Adágún níwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn.

"Bàbá, ẹja tí ẹ ò ní jẹ, kí ló dé tí ẹ fi ń kẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀? Àánú ni, àbí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró.

"Àánú kẹ̀? Ìyá, kékeré la máa ń mú un, kó lè dàgbà la ṣe ń dá a padà. Bí a bá ṣe é léṣe, kò ní dàgbà. Bí kò bá sì dàgbà, kí la fẹ́ padà wá mú?"