Ẹ̀rọ Oòrùn Tí Kò Mú Omi Gbóná

Inspẹ́kítọ̀ Àyàndìran ki ọwọ́ bọ inú bákẹ́ẹ̀tì. Ó yára fà á yọ.

"Omi yìnyín!" Ọ̀gbẹ́ni Àlàó, onílé, ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Láti ọjọ́ Ajé tó ti gbé e síbí ló ti rí báyìí, òní Sátidé rèé. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ẹ gbé e lọ!"

Ọlọ́pàá kan ti gbá Àkànmú ní ṣòkòtò mú. Òun ni wẹ́dà Òkè-Àdó tó ṣe ẹ̀rọ náà.

"Ẹ ṣàánú mi, Ọ̀gbẹ́ni Àlàó, sà! Ẹ ṣáà fojú ara yín rí i nígbà tó gbóná ní ṣọ́ọ̀bù mi!"

Ọyẹ́ ọdún 1986 ni, ní Bódìjà. Ohun ìdáná ti wọ́n, Àlàó sì ní kí Àkànmú gbé ẹ̀rọ náà wá kóun fi oòrùn mú omi gbóná wò kóun tó rà á. Àpótí onígíláàsì lásán ni, páìpù dúdú nínú rẹ̀, lórí dẹ́kì, òrùlé pẹrẹsẹ bọ́isìkọ́tà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ orúkọ Àkànmú sílẹ̀ ní àgọ́ pé oníjìbìtì ni, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ fún un n'Íbàdàn? Ayé ẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

Àyàndìran gun dẹ́kì. Eruku bo ilẹ̀, ó bo tánkì, ó bo ewé máńgòrò. Gíláàsì nìkan ló ń dán.

"Ta ló ń nu gíláàsì yìí?"

Kò sẹ́ni tó ń nù ún.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀dà dúdú tí Àkànmú fi lẹ etí gíláàsì kò tíì gbẹ tán. Fọ́nrán òwú tí wọ́n rẹ láró lẹ̀ mọ́ ọn. Àyàndìran ò sọ fún ẹnì kankan.

Ọláníkẹ́, ìyàwó Àlàó, ni Àyàndìran kọ́kọ́ pè.

"Jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́, mi ò parọ́. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Tíṣà ni mí, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń dé."

Ó kan Olúdọ̀tun, aládùúgbò tó ń ta jẹnẹrétọ̀ ní Challenge.

"Mo fi ẹ̀rọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ mi ò fọwọ́ kàn án."

"Kí lẹ fi ń bo ọjà yín?"

"Tapólìn ni."

Ó mú un wá. Rọ́bà ni, ó ń yọ̀. Kò ní òwú lára.

Lẹ́yìnkùlé, Màmá Sìlífátù, ìyá Àlàó, ń fọṣọ. Láti Ṣakí ló ti wá tọ́jú Sùràjù, ọmọ ọmọ rẹ̀, òun náà ló ń fi èédú se omi ìwẹ̀ gbogbo ilé láràárọ̀. Òórùn kẹrosíìnì gba imú Àyàndìran.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Kẹrosíìnì nínú omi ìfọṣọ?"

"Sítóòfù ló dà sí i, ọmọ mi."

Àyàndìran rọra gbé aṣọ náà sókè. Kíjìpá aláró ni. Ìlà dúdú kan tọ́ lára rẹ̀, ó sì yà ní igun.

"Sítóòfù kì í ya irú ìlà yìí, Màmá."

Gbogbo wọn tẹ̀ lé e gun dẹ́kì. Ó tẹ́ kíjìpá lé gíláàsì. Ìlà náà bá etí rẹ̀ mu rẹ́gí.

"Bí wọ́n bá ti jáde, ẹ ó bò ó. Kí wọ́n tó dé, ẹ ó wọ́ ọ kúrò, aṣọ á sì nu eruku lọ. Ọṣẹ ò ran ọ̀dà, lẹ ṣe wá kẹrosíìnì."



"Èmi ni," ni Màmá wí. "Ọmọ tí mo wá wẹ̀ ti ń sáré kiri. Omi ìwẹ̀ nìkan niṣẹ́ tó kù fún mi. Àlàó, ìwọ lo sọ ọ́: bí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́, kí Màmá lọ sinmi ní Ṣakí. Ta ni mo ní níbẹ̀? Bàbá rẹ ti kú. Èmi àti ògiri ni."

"Mo rò pé ẹ fẹ́ sinmi ni, Màmá."

"Ṣé o bi mí?"

Ó yíjú sí Àkànmú, orúnkún rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Ọmọ ọlọ́mọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé tìẹ jẹ́. Foríjì mí."

Yéè! Àkànmú já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Màmá, ẹ dákun!"

Nígbà tó dìde, sípánà ló mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú páìpù.

"Kí lò ń ṣe?" ni Ọláníkẹ́ bi í.

"Mò ń gbé e lọ ni, mà. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ mi lé ìyá oníyàá."

"Fi sílẹ̀. A ti rà á." Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Sùràjù, ẹ̀yin lẹ ní Màmá ń lọ. Ẹ gba ọ̀rọ̀ yín padà."

Àlàó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Èmi ni mo ní mò ń lọ?"