Ìkòkò Omi Ẹ̀gbẹ́ Ààrò

"Mọ́ fọwọ́ kan omi ùkòkò yẹn o, Fúnkẹ́. Ojú la gbé e kalẹ̀ fún."

Bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń kìlọ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ nìyẹn tó bá fẹ́ se ọṣẹ dúdú lẹ́yìnkùlé wọn ní Ìṣẹ́, láyé ìgbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ayé ìgbà náà dùn jọjọ. Bí ọyẹ́ bá ti dé, òórùn èèpo kòkó tí wọ́n ń sun a gba gbogbo àdúgbò. Ìyá Àgbà a da eérú rẹ̀ sínú ajere, a bu omi lé e, omi pupa a sì máa kán sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Omi eérú yìí ló ń sè pọ̀ mọ́ epo. Ó jọ tíì lásán, àmọ́ ó ń bó èèyàn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò omi tútù fi máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kí wọ́n lè fi ṣan ojú tó bá ta sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí Ìyá Àgbà fẹ́ se ọṣẹ, àwọn akọrin ìjọ fẹ́ lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Janet ọ̀rẹ́ Fúnkẹ́ ti múra, Fúnkẹ́ ò tíì wẹ̀, kànga sì ti gbẹ.

"Omi rèé nínú ìkòkò," ni Janet wí. "Àbí o fẹ́ kí ọkọ̀ fi wá sílẹ̀?"

Fúnkẹ́ bu omi náà, ó wẹ̀ ẹ́ tán pátá. Ó ní òun á pọn òmíràn tóun bá dé.

Ó ń para lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ igbe. Omi eérú gbígbóná ti ta sí Ìyá Àgbà lójú òsì. Ó fi ọwọ́ kan di ojú mú, ó ń fi ìkejì wá ìkòkò kiri. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan ìdí ìkòkò gbígbẹ, ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀:

"Fúnkẹ́, omi dà?"

Fúnkẹ́ gbé garawa, ó ń sáré láti ilé dé ilé. Kó tó rí omi, aládùúgbò kan ti kán epo pupa sójú náà.

"Epo kọ́," ni nọ́ọ̀sì wí ní ọsibítù. "Omi tútù lẹ ò bá dà sí i lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ máa dà á lọ títí kẹ́ ẹ tó gbé màmá wá. Omi eérú ò yàtọ̀ sí kọ́sítíìkì sódà, ṣe ló ń jẹ ojú wọnú."

Ojú náà fọ́. Ìyá Àgbà ò bá Fúnkẹ́ wí rárá, èyí ló sì dun ọmọ náà jù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ìkánjú tàbí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ tàpá sí ìkìlọ̀ àgbà. Ohun tó bá ń bó ọwọ́, ẹ jẹ́ kí omi wà nítòsí rẹ̀. Ìwẹ̀ Fúnkẹ́ ò pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ojú kan ni Ìyá Àgbà fi ń ríran títí wọ́n fi sin ín.