Ta Ló Lé Wa Dé Ẹ̀pẹ́?

Àtẹ́wọ́ ò tíì rọlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdíje àríyànjiyàn ní Ìtàmágà nígbà tí Súbérù, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń bá ti Mardiyah díje, dìde. Mardiyah ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. Ó ní bí ìjọba kan bá ń pa ará ìlú rẹ̀, kí ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè wọlé lọ gbà wọ́n, ká má fi "ìlú onílùú ni" ṣe àwáwí. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ ò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ta ni ò ní í pàtẹ́wọ́?

Súbérù ò pariwo. "Mardiyah, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ọ́. Ta ló lé àwọn baba ńlá rẹ kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó?"

Bàbá àgbà Mardiyah, Alhaji Sàlísù, tí wọ́n ti Ẹ̀pẹ́ wá gbọ́ ọ, jókòó níwájú. Ẹnu wọn ló ti gbọ́ bí ìbọn ńlá Òyìnbó ṣe dún agídìngbì láti orí omi, tí ilé ń jó, tí àwọn èèyàn wọn fi sá wá sí Ẹ̀pẹ́. Tàwàkálítù tí wọ́n jọ wà ní ẹgbẹ́ kan náà rọra sọ fún un pé kó ní òun ò mọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ife ẹ̀yẹ ti lọ nìyẹn. Irọ́ yẹn sì wù ú í pa.

"Òyìnbó ló lé wa," Mardiyah ní. "Wọ́n ní àwọn wá fòpin sí òwò ẹrú. Òótọ́ sì ni, àwọn baba wa ń ta èèyàn. Àwọn tí wọ́n ń tà ń sunkún, ó yẹ kí ẹnì kan gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní àwọn wá gbani ò padà sílé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n gba Èkó mọ́ ọba lọ́wọ́."

Ẹgbẹ́ Súbérù ló gba ife. Tàwàkálítù yínmú sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn ún. Bàbá àgbà jáde láìwojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òwò ẹrú tí wọn kì í sọ nínú ilé ló sọ ní gbangba yẹn, ó sì dá a lójú pé òun ti dójú ti ẹbí.

Ó sáré bá wọn ní ibùdókọ̀ Benson níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bàbá fà á dìde. Omi ti dé ojú wọn. "Gbogbo ìgbà tí mo bá ń pìtàn yẹn, ẹkún tiwa nìkan ni mò ń sun. Mi ò sunkún àwọn tí a tà rí."

Ọjọ́ yẹn ló yé Mardiyah pé ẹni tí wọ́n ń pa lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹni tó máa gbà á, onílé náà sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ gbà láti sọ òótọ́ tó dun òun fúnra rẹ̀.