Okùn Kejìlá

Ìdẹ tuntun wà lẹ́nu ìwọ̀ náà.

Ajíbóyè gbé e sún mọ́ ojú, ó sì gbàgbé àjẹ̀ sórí orúnkún rẹ̀ tí omi ń kán láti ara rẹ̀ sínú bàtà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi dé orí adágún, torí òun ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣèdánwò nílé-ìwé wọn. Ìwọ̀ tí èèyàn bá sì fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹja wẹ́wẹ́ á ti jẹ ìdẹ ẹnu rẹ̀ tán láti ọjọ́ kìíní, koríko omi á wé mọ́ ọn, irin rẹ̀ á máa dípẹtà. Èyí ń dán. Ó fa okùn náà, ìwọ̀ kejì yọ, ìdẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta náà ní in. Lórí ẹ̀kẹrin, àrọ̀ kan tó nípọn tó apá géńdé ló ń jà pìtìpìtì.

Ọjọ́ Sátidé ni, aago méje àárọ̀ ti kọjá, ọyẹ́ sì ti da kùrukùru bo gbogbo dáàmù tó wà lẹ́yìn ìlú Èmùré. Àwọn igi tí omi pa nígbà tí ìjọba sé odò náà ló yí ọkọ̀ rẹ̀ ká, orí wọn nìkan ló yọ síta. Kò sí ẹlòmíràn lórí omi.

Ó gbóòórùn ìdẹ náà. Ọṣẹ ni.

Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn yà yín lẹ́nu. Gbogbo ẹni tó bá ti sọ ìwọ̀ sómi rí ló mọ̀ pé àrọ̀ fẹ́ràn ọṣẹ, ojú rẹ̀ kì í ríbi tó bá ti gbóòórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọṣẹ dúdú lèyí, tí wọ́n po osùn àti àdín mọ́, tí wọ́n sì gún èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Ẹnì kan ṣoṣo ni Ajíbóyè mọ̀ tó ń po ọṣẹ bẹ́ẹ̀. Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ ni, ọdún mẹ́rìnlélógún ló sì ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òórùn náà. Wọ́n fi òwú dúdú wé ọṣẹ ọ̀hún lẹ́ẹ̀mẹta láti ọwọ́ òsì, kó má baà tètè yọ́ sómi. Ìyẹn náà, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń ṣe é. Fúnṣọ́ ni, Fúnṣọ́ sì ti kú láti oṣù kẹwàá.

Òṣìṣẹ́ kánsù ni Fúnṣọ́ nígbà ayé rẹ̀. Ó jẹun alẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó dùbúlẹ̀, kò jí mọ́. Ọdún mọ́kànlá lòun àti Ajíbóyè fi jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Fúnṣọ́ á jókòó níwájú, á máa fa okùn. Ajíbóyè á wà lẹ́yìn, á máa fi àjẹ̀ dá ọkọ̀ dúró kó má baà sún. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹni tó bá lóun ń dá a ṣe, ọkọ̀ á máa yí mọ́ ọn lábẹ́ bí ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n pọn òun.

Láàárín àwọn apẹja adágún yìí, bí ẹnì kan bá kú, ẹnìkejì rẹ̀ nínú ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ kó gbogbo okùn rẹ̀ kúrò nínú omi kí wọ́n tó sin ín. Á sá wọn sóòrùn, á kó wọn fún àwọn ará ilé. Wọn ò pa nǹkan sí i, wọn ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni rúbọ. Ọmọ ìjọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí wọ́n kàn ń wí ni pé ìwọ̀ òkú kì í sun inú omi. Okùn méjìlá ni Fúnṣọ́ dẹ, ogún ìwọ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ajíbóyè kó mọ́kànlá. Ìkejìlá wà láàárín àwọn igi kíkú, níbi tó jìn jù, níbi táwọn àrọ̀ ńláńlá fi ṣe yàrá. Òfin adágún sì ni pé ẹni tí okùn rẹ̀ bá wà níbì kan ló ni ibẹ̀. Ọjọ́ tó bá ká a, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ti gbà á nìyẹn. Ó sì ti pẹ́ tí Isaac, apẹja kan láti Ìsẹ̀, ti ń wo ibẹ̀ bí ológbò ṣe ń wo ẹja gbígbẹ. Ajíbóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi okùn náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Fúnkẹ́, ìyàwó olóògbé, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bùrọ̀dá, ṣé ẹ ti kó o tán?"

"Mo ti kó o tán. Kò ku ẹyọ kan."

Pósí wà níwájú wọn. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ni Ajíbóyè, irọ́ ọmọdé kì í sì í bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, pàṣán rẹ̀ á bá a. Ta ni yóò na òun fún èyí?

Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ yẹn tó ń fa okùn kejìlá náà, ó sọ fún ara rẹ̀ pé Isaac ló ń fi òun ṣeré. Ó yọ àrọ̀ mẹ́fà lẹ́nu ìwọ̀, ó sì padà sílé. Àrìnpé pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Dádì Favour, ẹ̀yin lẹ kó ọṣẹ mi? Mo dé balùwẹ̀, igbá ṣófo."

"Kí ni mo fẹ́ fi ọṣẹ obìnrin ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì se ẹja náà. Ṣùgbọ́n kò fi kan ẹnu. Ó ní òórùn ọbẹ̀ náà ń rí òun lára. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ní apá òun wúwo, ó sì tètè wọlé sùn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe ọṣẹ ló wà lẹ́nu ìwọ̀. Aṣọ funfun ni wọ́n gé wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi òwú dúdú wé e láti ọwọ́ òsì. Ajíbóyè kò wo ẹja mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn náà kó lè ká a kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n nígbà tó dórí ìwọ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún, okùn há. Bó ti ń fà á ni ọkọ̀ ń yí. Ọkọ̀ yí, ó yí, títí tí kò fi mọ ibi tí èbúté wà mọ́. Ó jù ú sílẹ̀, ó sá. Ó délé, ó ṣí àpótí Àrìnpé, ó tú aṣọ funfun tó fi ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ. Wọ́n ti gé ìbú ọwọ́ kan kúrò ní etí rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ẹni tó ni aṣọ wà, kò tíì dìde láti òwúrọ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Dọ́kítà fún un lóògùn, ó ní kó máa sinmi. Pásítọ̀ wá, ó gbàdúrà títí òógùn fi bò ó, ó sì ta òróró sí i lórí. Gbogbo ilé ṣe àmín. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àrìnpé kò lè gbé ife omi dé ẹnu.

Lọ́sẹ̀ kẹta tó padà lọ ká okùn náà, irun ló wà lẹ́nu ìwọ̀. Irun dúdú tí funfun díẹ̀ wà nínú rẹ̀ bíi ti orí Àrìnpé, wọ́n dì í ní ìdì kéékèèké lórí ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó yọ, kò sì sí ẹja kankan. Okùn tún há sórí ìkẹẹ̀ẹ́dógún bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Ọlọ́runtọ́ba ló gbà lọ láti ibẹ̀. Àgbà apẹja ni bàbá yìí, òun ló ń gbẹ́ ọkọ̀ fún gbogbo wọn, ohùn Èmùré ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sí èbúté, ó ń fi ọ̀dà dí ojú sísán ara ọkọ̀ kan. Ajíbóyè dọ̀bálẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ó sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá kò gbé ojú sókè.

"Mélòó lo kó?"

"Mọ́kànlá, Bàbá."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Bàbá kun ọ̀dà díẹ̀ sí i. "O sì délé ẹni ukú pa, o ní o kó o tán."

"Mo ṣẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n èmi ni kó bá jà. Kí ni Àrìnpé fi ṣe é? Obìnrin yẹn ló máa ń bu oúnjẹ fún un tó bá wá sílé mi. Kí ló fẹ́ fi ìyàwó mi ṣe?"

"Ùyàwó rẹ kọ́ ló ń wá."

"Bàbá, ara obìnrin náà ló ń gé díẹ̀díẹ̀!"

Ìgbà yìí ni bàbá wá wò ó. Àánú ló wà lójú rẹ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù ba Ajíbóyè ju ohun gbogbo lọ.

"Tíṣà, ọdún mélòó lo ti ń pẹja? Ìgbà wo lo rí i tẹ́nì kan fi ìwọ̀ mú ìdẹ?"

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ omi wá sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ níwọ̀nba.

"Ẹja wà tí kì í jẹ ekòló," bàbá ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ohun tó bá fẹ́ràn la fi ń pè é. Fúnṣọ́ mọ ohun tó o fẹ́ràn. Òun náà mọ̀ pé ìdẹ a máa tán bí ẹja ò bá tètè wá."

"Bí mi ò bá lọ ńkọ́?"

"Ulé rẹ ni ìdẹ ti ń wá. Ìwọ lo mọ ohun tó kù níbẹ̀."

"Okùn há, Bàbá. Mi ò lè dá a ká. Ẹ bá mi wọ ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò bá a wọ ọkọ̀ pọ̀ rí. Uṣẹ́ ẹ̀yin méjì ni." Ó padà sídìí ọ̀dà rẹ̀. "Mi ò rán ọ. Mi ò sì ní dá ọ dúró."

Ọjọ́ Ajé ni Ajíbóyè tó lọ. Odidi ọjọ́ Àìkú ló fi jókòó ti Àrìnpé, ó ń wò ó bó ṣe ń mí. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì fi í pamọ́ fún ara rẹ̀. Ó fẹ́ wà láàyè. Ó rò ó pé bóyá bàbá arúgbó kàn ń sọ tirẹ̀ ni, bóyá oògùn dọ́kítà ṣì máa ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó sì tutù dé orúnkún. Ó dìde.

Fúnkẹ́ ló wá bá wọn jókòó ti aláìsàn lọ́jọ́ náà. Ajíbóyè dúró níwájú rẹ̀ ní pálọ̀.

"Ó ku ẹyọ kan," ó ní. "Mo parọ́ fún ọ."

"Mo mọ̀, Bùrọ̀dá." Fúnkẹ́ ń wo ilẹ̀. "Ó ti tó oṣù kan tí ọkọ mi ti ń wá sójú oorun mi. Kì í bá mi jà. Ó kàn ń bi mí ní nǹkan kan ṣáá ni."

"Kí ló ń bi ọ́?"

"Ó ní, 'Ta ló wà lẹ́yìn ọkọ̀?'"

Oòrùn ti là nígbà tó dé orí omi, ọyẹ́ ti ká, ó sì rí adágún náà títí dé ìkángun kejì. Ó wa ọkọ̀ dé ibi àwọn igi kíkú. Ó gbé àjẹ̀ sẹ́yìn, ó bọ́ síwájú, ó jókòó síbi tí Fúnṣọ́ ń jókòó sí, ó di okùn mú. Ìwọ̀ kìíní yọ, ó tú irun ẹnu rẹ̀, ó kó o sápò àyà ṣẹ́ẹ̀tì. Ìkejì yọ. Ìkarùn-ún, ìkẹwàá. Nígbà tó dórí kẹẹ̀ẹ́dógún, ó dijú, ó fà á. Kò há. Ìgbà yẹn ló tó ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ kò yí rárá. Ó dúró ṣinṣin sójú kan, omi sì ń ró lẹ́yìn rẹ̀ wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, bó ṣe ń ró nígbà tí ẹni tó mọṣẹ́ bá ń fi àjẹ̀ dá ọkọ̀ dúró.

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń fa okùn náà lọ.

Ó ku ìwọ̀ méjì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Àrìnpé ni.

"Dádì Favour, níbo lẹ wà? Ebi ń pa mí."

Ohùn rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ tó fi ń polówó ọjà. Omijé bọ́ lójú Ajíbóyè, ó sì rẹ́rìn-ín papọ̀. Ayọ̀ tó bá a lákòókò yẹn, kò rí irú rẹ̀ rí láyé.

"O jókòó ni? Ṣé o lè jókòó?"

"Mo ti dìde. Fúnkẹ́ ń gún iyán lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà ẹ máa bọ̀." Ó tún ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀ kó rọra máa sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ tiyín dáadáa."

Ajíbóyè tẹ́tí sílẹ̀. Òun kò gbọ́ ohùn kankan. Ó fa ìwọ̀ méjì tó kù sókè, ó tú irun tó wà lẹ́nu wọn, ó sì gbé òkúta ìdí okùn náà sínú ọkọ̀. Kò ku nǹkan kan fún un nínú omi mọ́.

Ọkọ̀ tí kò sún láti ọ̀sán wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò sáré. Ó kọ ẹ̀yìn sí èbúté, ó ń gba àárín àwọn igi kíkú náà lọ síbi tí omi ti dúdú, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́.

"Ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ìgbà wo lẹ máa dé?"

"Jẹun, Àrìnpé," ó ní. "Má dúró dè mí."