Obìnrin Orí Káàdì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Àlímọ̀t, ó ń fi òwú kun ọ̀dà pupa sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó kan nínú fọ́tò. Ṣọ́ọ̀bù ayafọ́tò nítòsí Tinúbú ló ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dún 1953. Èmi wá ya fọ́tò ìwé ìrìnnà, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ káfíńtà nínú ọkọ̀ òkun.

"Ṣé ẹ máa kun tèmi náà?" ni mo bi í.

"Ti ìwé ìrìnnà kì í gba ọ̀dà," ó ní, kò gbójú sókè. "Àfi tí ẹ bá fẹ́ kí òyìnbó pè yín ní màdáámù."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó kọ́ mi: ọ̀dà díẹ̀, òwú púpọ̀, kí ọwọ́ má wúwo. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù láìní fọ́tò tí mo fẹ́ yà. Ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára.

Kí n tó wọkọ̀, mo lọ kí bàbá rẹ̀, Bàbá Ṣàíbù, ọ̀gá àwọn akunlé, nílé wọn lẹ́yìn Ìgà Ìdúngànràn.

"Lọ kí o bọ̀, Mọ̀núrù," ni bàbá wí. "Tí o bá dé, kí àwọn ẹbí rẹ wá rí wa."

Ẹ̀rọ ọkọ̀ wa bàjẹ́ ní èbúté kan ní Ítálì. Wọ́n ní àtúnṣe rẹ̀ á gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Fúlọ́rẹ́ǹsì, ìlú àtijọ́ tí gbogbo òpópónà rẹ̀ jẹ́ òkúta.

Mo gun òrùlé roboto ti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní irinwó, àárín ògiri méjì ló gbà. Bíríkì kan dùbúlẹ̀, èkejì dúró, wọ́n di ara wọn mú bí eyín. Mo rí ọkùnrin òkúta kan tí iṣan ọwọ́ rẹ̀ yọ bíi ti ẹni tó ń ti ọmọlanke. Lọ́jọ́ kejì, mo rí obìnrin kan tí wọ́n yà sórí pákó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n díẹ̀díẹ̀, bíi ti fọ́tò tí Àlímọ̀t bá fi òwú kùn. Olùṣọ́ kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi po ọ̀dà rẹ̀ fún mi.

Mo ra káàdì tó ní àwòrán náà. Kò yẹ kí n kọ̀wé sí ọmọge láìgba ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, nítorí náà orúkọ Bàbá Ṣàíbù ni mo kọ sí i. Mo kí gbogbo ilé, mo sì fi àlàyé sílẹ̀ di ìgbà tí mo bá dé.

N kò rántí pé fọ́tò obìnrin ni àwọn ọmọ Èkó tó wà lókè òkun fi ń sọ fún ará ilé pé àwọn ti níyàwó.

Ọjọ́ Àlàrùba ni mo padà dé. Ìyá Àlímọ̀t, Màmá Àmúdàtù, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Káàbọ̀. Ìyàwó rẹ dà?"

"Ìyàwó wo, Màmá?"

"Èyí tó funfun bí ẹ̀kọ."

Bàbá Ṣàíbù ṣí àpótí rẹ̀, ó ju káàdì náà síwájú mi. "Mo ti ní kí àwọn ẹbí Jíbrílù, aláṣọ ọjà Jánkárà, wá tọrọ Àlímọ̀t lọ́jọ́ Jímọ̀. Máa lọ bá ìyàwó rẹ."

"Bàbá, ọ̀dà ni!" ni mo wí. " Wọ́n kùn ún ni!"

"Ọmọ mi ń kun fọ́tò lójoojúmọ́. Ṣé ìyẹn ní kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ má jẹ́ èèyàn?"

Àlímọ̀t jáde láti yàrá, ojú rẹ̀ pọ́n. Wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan káàdì náà rí. Ó ṣà á nílẹ̀, ó mú awò tó fi ń ṣiṣẹ́, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Bàbá mi, ẹ gbà, ẹ wo iwájú orí rẹ̀. Kí ló ń sán báyìí?"

Bàbá gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Ọ̀dà tó gbẹ lórí pákó ló sán báyìí," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ó sì ti ju ogún ọdún lọ."

"Ó lé ní irinwó ọdún, Bàbá," ni mo wí.

Màmá Àmúdàtù káwọ́ lérí. "Irinwó! A sì ń bínú sí i!"

"Kí ni wọ́n fi pò ó?" ni bàbá bi mí.

"Pupa ẹyin, Bàbá."

"Ẹyin adìẹ? Kò rùn?"

Ó fà mí jókòó. Ó bi mí léèrè pákó, ó bi mí léèrè ẹfun tó wà lábẹ́ ọ̀dà. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìṣòro mi. Àlímọ̀t kò gbàgbé.

"Bàbá, Jíbrílù ńkọ́? Mọ̀núrù ni mo fẹ́."

Bàbá dé fìlà rẹ̀. "Ẹnu tí mo fi pè wọ́n ni n ó fi bẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo ṣìnà, kì í ṣe ìwọ, Mọ̀núrù." Ó sì forí lé Jánkárà.

"Olólùfẹ́ mi," ni mo sọ jẹ́jẹ́, "ṣé ìwọ náà gbà á gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́. Mo sunkún títí. Ẹ má tún fi àwòrán obìnrin ránṣẹ́ sílé ẹni kankan."

Jíbrílù bínú, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀bẹ̀ àgbà. Lóṣù kejì, wọ́n so yìgì wa lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Àwọn ìyá ti kìlọ̀ fún Àlímọ̀t pé ìyàwó kì í yára fèsì. Kó tẹjú mọ́lẹ̀, kí wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àfáà kọjú sí i. "Àlímọ̀t, ọmọ Ṣàíbù, ṣé o gba—"

"Mo gbà á."

"Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi, ọmọ yìí!"

"Ẹ má bínú, Àfáà," ni Àlímọ̀t wí. "Ẹ parí ẹ. Èmi ti gbà á."