Ìkànkùn Nínú Yàrá Aránṣọ

Ọkùnrin kan wà tí kò sí orin tó dùn létí rẹ̀ tó ìró àgádágodo. Bí ó bá ti dún "káà!", inú rẹ̀ a dùn.

Òun kọ́ ló ni ilé. Onílé ń gbé ọ̀nà jíjìn, ó fi í ṣọ́ ilé ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ mìíràn wà tó ń ṣe bí ọba. Àwọn ayálégbé sọ ọ́ ní Alágádágodo. Ó gbọ́ orúkọ náà, ó sì gbà á bí oyè.

Ilé alájà ni, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín. Alájórin ń gbé ibẹ̀, alábàárù ń gbé ibẹ̀, awakọ̀ ń gbé ibẹ̀. Bí o bá dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn láàárọ̀, tí o gbọ́ oríṣiríṣi èdè tí wọ́n fi ń kí ara wọn, wàá rò pé wọ́n gé Bábẹ́lì sí yàrá, wọ́n wá fi í háyà. Ṣùgbọ́n èdè kan yé gbogbo wọn: èdè àgádágodo.

Àṣà ọkùnrin náà nìyí. Bí ayálégbé bá ṣẹ̀ ẹ́, kì í jà, kì í pariwo. Yóò dúró kí onítọ̀hún jáde, yóò fi àgádágodo tirẹ̀ há ìkọ́ ilẹ̀kùn, yóò sì gba ilé ọtí tó wà ní ìkángun àdúgbò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò wá kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀, lójú gbogbo ọ̀mu. Ìgbà tó bá wù ú ni yóò dìde.

Àwọn ènìyàn wá kọ́ ọgbọ́n. Ẹni tí Alágádágodo bá ti ilẹ̀kùn mọ́ síta yóò sáré dé: "Bàbá, ìkòkò mi wà lórí iná o!" Nígbà àkọ́kọ́, ó sáré lọ ṣí i. Kò bá ìkòkò, kò bá iná. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti dárúkọ ìkòkò, a rẹ́rìn-ín, a ní, "Jẹ́ kó jinná dáadáa."

Olè ti jà ní ilé náà rí. Nítorí èyí, Alágádágodo ní kí alájórin fi ilẹ̀kùn irin sí gbogbo yàrá, kí ó sì fi irin dábùú gbogbo fèrèsé. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, ó fi ìkúùkù lu ọ̀kan. Ó ní, "Bí áńgẹ́lì bá sọ̀ kalẹ̀, á tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò ṣe àmín.

Ó ní ìyàwó tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ó sì ní ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin. Ọmọ náà jọ ìyá tó bí Alágádágodo fúnra rẹ̀, nítorí náà "Ìyá mi" ló ń pè é. Bí ọtí bá pa á tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, ó ṣì mọ Ìyá mi.

Ní yàrá ìparí lókè, aránṣọ kan ń gbé. Opó ni, ọ̀nà jíjìn ló ti wá, èdè tirẹ̀ sì yàtọ̀. Inú yàrá yẹn ló ti ń ránṣọ, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń gbàdúrà láràárọ̀. Alágádágodo kò fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe pé aránṣọ kì í kí i. Ó ń kí i ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Alágádágodo ti ilẹ̀kùn rẹ̀, aránṣọ kò wá sí ilé ọtí. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ọwọ́ rán aṣọ, títí ó fi sú ẹni tó tì í.

"Mo bọ̀wọ̀ fún yín, Bàbá," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ tèmi ti ní ẹni tó ni ín."

Ọ̀rọ̀ náà há Alágádágodo lọ́fun bí eegun ẹja.

Ó di ọjọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ alábàárù síta. Arúgbó ni alábàárù. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó kọjá níwájú Alágádágodo láìkí i. Aránṣọ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, ó bá Alágádágodo nídìí ẹ̀rọ omi.

"Bàbá, ẹ ṣí i fún un. Ojú rẹ̀ ló ti di bàìbàì, kò rí yín ni."

"Ṣé ìwọ lo bí i?"

"Ẹ jọ̀ọ́. Ilẹ̀kùn tí ẹ ń tì káàkiri yìí, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ ó máa bẹ̀bẹ̀ kí ọ̀kan ṣí."

Awakọ̀ tó ń dúró de omi ní, "Ha! Aránṣọ ti wọn Bàbá, ó ti gé e. Rírán ló kù."

Ẹ̀rín bẹ́. Ojú Alágádágodo pọ́n. Ó ti mutí láti àárọ̀.

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan, Bàbá," ni aránṣọ wí. "Ọmọ yín..."

"Pa ẹnu ẹ dé! Má pe ọmọ mi sí i!"

Ó rò pé èpè ló fẹ́ ṣẹ́ fún ọmọ òun. Ó yí padà, ó gun òkè lọ. Ilẹ̀kùn aránṣọ wà ní pípadé, kọ́tìnnì bo fèrèsé. Kò yọjú wo inú yàrá. Ó fi àgádágodo há ìkọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Káà!

Ó ti dé orí àtẹ̀gùn kí ó tó gbọ́ ọ. Kò, kò, kò. Ẹnì kan ń kànkùn jẹ́jẹ́ láti inú yàrá náà.

Ó dúró. "Àlejò rẹ̀ ni," ló wí lọ́kàn. "Àgùntàn tó bá ajá rìn, yóò jẹ ìgbẹ́."

Kò, kò, kò.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, Ìyá mi ló ń kànkùn. Ibà ló mú un tí wọ́n fi dá a padà láti ilé ìwé. Nígbà tó dé, ìyá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, bàbá rẹ̀ wà nídìí ọtí. Aránṣọ rí i lórí àtẹ̀gùn tó ń gbọ̀n. Ó gbé e wọlé, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì lọ wá omi tí yóò fi nu ara rẹ̀. Ohùn ọmọ náà ti há. Ọwọ́ ló kù tó lè fi ké.

Ohun mìíràn sì wà nínú yàrá náà. Aránṣọ ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná lọ. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ wà lórí aṣọ, wáyà rẹ̀ wà lára ògiri. Ìtara ọmọ tó ń gbọ̀n mú un gbàgbé.

Kò pẹ́ tí aránṣọ fi sáré wọ ilé ọtí, láìwọ bàtà. Lójú gbogbo ọ̀mu, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ọmọ yín wà nínú yàrá mi. Ara rẹ̀ kò yá."

"Ọmọ mi wà nílé ìwé."

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lára ògiri. Bí iná bá dé..."

Ó yíjú sí àwọn ọ̀mu. "Ẹ gbọ́ o! Ìkòkò ti sú wọn. Áyọ́ọ̀nù ló kàn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọlọ́tí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ mi," ló wí, "obìnrin yìí kì í purọ́."

"Kì í kúnlẹ̀ náà. Ṣé o ò rí i báyìí?" Ó gbé ife sẹ́nu. "Lónìí ló mọ ẹni tó ni ìkúnlẹ̀."

Ibẹ̀ ni iná ti dé. Gílóòbù tàn lókè orí wọn, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí yí. "Iná ti dé o!" ni gbogbo ilé ọtí hó. Alágádágodo hó pẹ̀lú wọn.

Aránṣọ fò dìde bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Ó sá jáde. Àpótí tí wọ́n ti ń pa iná mọ̀nàmọ́ná ilé tí wọ́n ń gbé wà lẹ́nu ọ̀nà. Àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀.

Alágádágodo mu èyí tó kù nínú ife, ó sì bu òmíràn. Kò tíì gbé e mì tí awakọ̀ fi yọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí àwàdà lójú rẹ̀ mọ́.

"Èéfín ń jáde lókè. Ọmọ rẹ ló wà níbẹ̀. 'Bàbá mi' ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ọtí dá lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bá alájórin lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀pá irin, òógùn ti bò ó. "Mo ti jan án títí," ni alájórin wí. "Kò mì. Bí o ti ní kí n ṣe é ni mo ṣe é."

Èéfín ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Kò, kò, kò.

"Ìyá mi, mo ti dé! Bàbá ẹ ti dé!"

Ó fa ìdì kọ́kọ́rọ́ yọ. Ó máa ń fọ́nnu pé òun lè fi ọwọ́ lásán mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn. Ní ọ̀sán gangan, gbogbo wọn jọ ara wọn. Ó fi ọ̀kan sí i, kò wọlé. Ó fi òmíràn sí i, ìdì náà jábọ́. Ó mú un nílẹ̀, ó tún jábọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé.

Kò, kò.

Lẹ́yìn náà, ìkànkùn dákẹ́.

Kò sí ariwo tó bani lẹ́rù bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ọkùnrin náà wó lulẹ̀ lórí eékún rẹ̀. "Jésù!" ló ké. Kò mọ èyí tó kàn. Orúkọ náà nìkan ló rántí, nítorí òun ló máa ń gbọ́ láràárọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yìí.

Aránṣọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ kì í gbọ̀n. Ó dán ọ̀kan wò, ó dán òmíràn wò, àgádágodo ṣí. Alájórin fa ilẹ̀kùn, èéfín tú lù wọ́n, gbogbo wọn sá sẹ́yìn.

Aránṣọ kò sá. Ó da korobá omi sórí ara rẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó rá wọlé.

Wọ́n dúró. Iná ń jó kọ́tìnnì. Awakọ̀ ń ké orúkọ Ọlọ́run ní èdè tirẹ̀, alájórin ń ké e ní tirẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ ìwúkọ́. Aránṣọ rá jáde, ọmọ náà wà lábẹ́ àyà rẹ̀. Ọmọ náà ń mí.

Ilé ìwòsàn tí ìyàwó Alágádágodo ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e lọ. Ìyàwó náà sáré jáde tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wọlé. Dókítà ní ọmọ yóò yè.

Alágádágodo jókòó sórí bẹ́ńṣì. Aránṣọ jókòó ní ìkángun kejì, báńdéèjì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ìgúnpá. Ọwọ́ tó fi ń jẹun ni.

Ọkùnrin náà ń dúró de èpè. Èpè kò dé.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ bú mi."

"Kí èébú ṣe kí ni?"

"Mo gbọ́ ìkànkùn. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Mo sì lọ."

Obìnrin náà yíjú sí i. "Bàbá," ló wá wí, "kì í ṣe èmi ni ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́, kì í sì í ṣe ọmọ yín. Ó pẹ́ tí Jésù ti ń kan ilẹ̀kùn ọkàn yín. Nígbà tí alábàárù ń bẹ̀ yín, Òun ló ń kànkùn. Ẹ gbọ́, ẹ sì lọ."

"Ṣé yóò tún fẹ́ wọ irú inú yìí? Èéfín nìkan ló kún ibẹ̀."

"Ṣé èéfín lé èmi padà? Ẹni tó kú lórí igi nítorí yín ni èéfín yóò wá lé?"

Alágádágodo sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó kúnlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń kọjá rò pé ó ṣubú ni.

"Olúwa," ló wí, "mo ti ti ilẹ̀kùn púpọ̀. Mo ti Ìwọ náà mọ́ta. Dárí jì mí. Wọlé."

Kò mọ àdúrà tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó gbà náà tó.

Nígbà tó padà sílé, ẹnu ọ̀nà alábàárù ló kọ́kọ́ yà sí. Ó ṣí ilẹ̀kùn náà, ó sì kúnlẹ̀ níwájú arúgbó.

"Ta nìyẹn?" ni arúgbó bi í. "Ohùn yín jọ ti Alágádágodo. Ọ̀rọ̀ yín ni kò jọ tirẹ̀."

Ó kó gbogbo àgádágodo rẹ̀ fún alájórin kí ó gé wọn. Ó yọ̀ǹda yàrá iwájú tirẹ̀ fún aránṣọ. Ní báyìí, bí o bá kọjá níbẹ̀ láàárọ̀, wàá gbọ́ orin. Ọwọ́ aránṣọ kò tíì mókun tó láti di abẹ́rẹ́ mú dáadáa, nítorí náà Ìyá mi ló ń ki òwú bọ̀ ọ́ fún un. Ilé ọtí kò rí ọkùnrin náà mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Bóyá o kì í mutí. Bóyá o kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni síta rí. Ṣùgbọ́n ayálégbé ni gbogbo wa nínú ayé yìí, Onílé sì ń bọ̀. Kó tó dé gẹ́gẹ́ bí Onídàájọ́, ó ń kan ilẹ̀kùn rẹ gẹ́gẹ́ bí Olùgbàlà.

O lè rẹ́rìn-ín. O lè ní ìkòkò àwọn oníwàásù ti wà lórí iná láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, kò sì tíì jó. Alágádágodo náà rẹ́rìn-ín.

Má dúró di ìgbà tí ọwọ́ rẹ yóò máa gbọ̀n. Ronú pìwà dà. Ibi tí o jókòó sí yìí, ṣí ilẹ̀kùn ọkàn rẹ fún un lónìí.

O ṣì ń gbọ́ ọ báyìí. Ìkànkùn máa ń dákẹ́.