Kirby Méjì ní Kútọnu

Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ Kútọnu yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Kirby." Ènìyàn méjì ló dìde lórí bẹ́ǹṣì.

Ọ̀kan ni Émilienne Kirby, ọmọ Mùsé Fernand òṣìṣẹ́ rélùwéè ní àdúgbò Gbégamey, tó wá gba òwú ìránṣọ tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bèèrè láti ilẹ̀ Faransé. Ẹnì kejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó wọ kóòtù funfun nínú ooru ọ̀sán. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo akọ̀wé. Akọ̀wé wo páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ẹni tí òun máa nà án sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni Kirby," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí.

"Ẹ̀yin kọ́," ni Émilienne dáhùn. "Kò sí Kirby tí mi ò mọ̀ ní Kútọnu yìí. Ilé wa ni gbogbo wọn ti ń jẹun."

"Ẹ bá mi bu tèmi sílẹ̀ nígbà náà. Èkó ni mo ti ń bọ̀."

Émilienne fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Òwú ló wà nínú páálí náà lóòótọ́, ó sì gbé e lọ. Àmọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí bá a gbé e dé ẹsẹ̀ títì, ó tún bá a gbé e kọjá ẹsẹ̀ títì. Dúrótoyè ni orúkọ rẹ̀. Nígbà yẹn, Faransé ló ń ṣàkóso Dahomey, ọkọ̀ òkun kò sì lè sún mọ́ ilẹ̀ ní Kútọnu. Orí wọ́ọ̀fù, afárá irin gígùn tó wọ inú òkun lọ, ni wọ́n ti ń já ẹrù. Níbẹ̀ ni Dúrótoyè ti ń bójú tó ẹrù fún ilé iṣẹ́ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan.

Láti ọjọ́ náà, bí Émilienne bá lọ sí ọjà ẹ̀bá ọ̀sà ní Tọ̀kpá, Dúrótoyè náà á rántí pé òun fẹ́ ra nǹkan. Àlùbọ́sà tó rà lásìkò yẹn tó odindi ilé bọ́.

"Émi mi," ló máa ń wí, "ìwọ nìkan ni ìyàwó tí kò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ tuntun."

"Ta ni ìyàwó yín?"

"Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yẹn."

Émilienne fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀, Victoire ìyá rẹ̀ sì ti fura kó tó jẹ́wọ́. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bó ṣe máa ń rí. Orúkọ tí àwọn méjèèjì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yìí gan-an ló fẹ́ já wọn síbi tí wọn kò rò.

Lọ́jọ́ tí Dúrótoyè wá tọrọ rẹ̀, Bàbá Adéníjì, àgbà oníṣòwò láàárín àwọn ará Èkó tó wà ní Kútọnu, ló síwájú rẹ̀ wọlé. Mùsé Fernand ti múra ìjà sílẹ̀, torí ó ti gbọ́ pé ọmọ ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ni ọkọ ìyàwó, Kátólíìkì sì ni ilé tiwọn látayébáyé. Dúrótoyè kò jẹ́ kó jà rárá.

"Mà á máa bá yín lọ sí Mísà, sà," ó wí pẹ̀lẹ́.

Inú Mùsé Fernand dùn, ó tún dà bí ẹni tí wọ́n gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dáa. Ilé ta ni wọ́n ti bí ọ ní Èkó?"

"Ilé Kirby, sà."

Ẹni tó kọ́kọ́ fọhùn ni Tàńtí Zoé, ẹ̀gbọ́n Mùsé Fernand, obìnrin tó ń rán aṣọ nínú ilé náà, tí kò lọ́kọ rí.

"Ẹ gbé ẹrù yín," ó wí. "Ẹnì kan kì í fẹ́ arábìnrin rẹ̀."

Òfin kan wà nínú ilé náà. Bàbá ńlá wọn ṣe ẹrú ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil, lọ́dọ̀ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Kirby. Gbogbo ẹni tó wà nínú ọgbà ọ̀gá náà ló ń jẹ́ Kirby: àwọn tó fowó rà, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, àti àwọn tí òun fúnra rẹ̀ bí, tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ sókè. Nígbà tí wọ́n padà dé etíkun yìí, kò sí ẹni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Làwọn àgbà bá ní Kirby kò gbọdọ̀ fẹ́ Kirby, ó parí.

Émilienne mọ òfin yìí. Ohun tó rò ni pé àwọn tó ti Bàhíà dé nìkan ló bá wí. Bàbá ńlá Dúrótoyè kò fojú kan Bàhíà. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lójú òkun, tó já a sí Freetown, ibẹ̀ ni pásítọ̀ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Kirby ti rì í bọmi, tó fún un ní orúkọ ara rẹ̀.

"Ibo ni pásítọ̀ náà ti wá?" Tàńtí Zoé bèèrè.

"Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mà."

"Ibo ni ọ̀gá Bàhíà ti wá?"

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni.

Ọkàn Émilienne dàrú pátápátá. Nígbà tó tún rí Dúrótoyè ní Tọ̀kpá, etí rẹ̀ ló ń wò. Ṣé etí yẹn kò jọ ti Papá? Ó wo imú rẹ̀, ó rí imú àbúrò òun ọkùnrin níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni lánàá, imú lásán ni.

"Kí lo ń wá lójú mi?" Dúrótoyè bi í.

"Mi ò mọ̀. Ẹ yíjú sẹ́yìn díẹ̀."

"Émi, ọkàn mi, ṣé o ti gbà wọ́n gbọ́ ni?"

"Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Mi ò sì lè sọ pé irọ́ ni." Ó bú sẹ́kún láàárín àwọn ẹlẹ́ja. "Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ mi ni yín ńkọ́? Bó bá sì jẹ́ pé ẹ kì í ṣe é, tí mo wá lé yín ńkọ́? Èwo ni kí n gbà?"

Dúrótoyè nawọ́ nu omijé rẹ̀. Òun náà ti ń wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí láàárọ̀, kò kàn jẹ́wọ́ fún un ni.

Nínú ilé, Mùsé Fernand ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, torí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn Dúrótoyè. Tàńtí Zoé ni kò yí padà. Òun ni àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin ilé, ẹni tí àwọn Fọ̀n ń pè ní tányínọ̀. Òun ló ń ṣàdúrà fún ìyàwó kó tó jáde nílé. Bí kò bá la ẹnu, ìyàwó kò lọ.

"Kí ni mo ṣe fún Tàńtí?" Émilienne bi ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná.

Victoire gbé ìkòkò kalẹ̀. "O ò ṣe nǹkan kan. Ọkùnrin kan wà nígbà tó wà lọ́mọge. Théodore, alágbẹ̀dẹ tó ti Akra wá tún irin wọ́ọ̀fù ṣe. Òun náà ń jẹ́ Kirby. Kò bá Bàhíà tan, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀rẹ́ rẹ yìí. Àwọn àgbà ní rárá."

"Tàńtí wá gbà?"

"Ó gbà. Ìwọ rí i, àbí o ò rí i?"

Émilienne rí i. Lójoojúmọ́ ló ń rí i, lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń rán aṣọ ìyàwó fún àwọn ọmọ ẹlòmíràn.

Ọ̀gá Dúrótoyè níbi iṣẹ́ jẹ́ òyìnbó arúgbó kan láti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí i pé akọ̀wé òun ń kọ àpò ṣúgà sí ibi tí àpò símẹ́ńtì yẹ kó wà. Ó bi í léèrè, Dúrótoyè ròyìn gbogbo rẹ̀. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá rí i pé akọ̀wé òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mú mi lọ bá wọn."

Bí òyìnbó ṣe dé Gbégamey nìyẹn pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n gbé àga sí àgbàlá fún un. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, Dúrótoyè ló ń túmọ̀.

"Ẹni tó ń wá ìyàwó ló ń túmọ̀," ni Tàńtí Zoé wí láti ẹnu ọ̀nà. "A jẹ́ pé a ti gbọ́ èsì kó tó sọ ọ́."

Wọ́n túmọ̀ ìyẹn náà fún òyìnbó. Ó mi orí, ó dìde lórí àga, ó sì fi ọ̀pá ya àwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sínú iyanrìn, ní gígùn, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ.

Ó ní láyé ọjọ́un, àwọn ènìyàn kan tó ń jẹ́ Deeni àti àwọn ará Nọ́wè wá láti òdìkejì òkun nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n jagun, wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó. Èdè wọn ni Kirby, kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Abúlé tó ní ṣọ́ọ̀ṣì ló túmọ̀ sí.

"Ẹ dúró ná," ni Mùsé Fernand wí. "Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wa kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì?"

"Rárá, sà."

"Ẹni tó mú bàbá wa lẹ́rú, orúkọ ẹni tó ṣẹ́gun ilé tirẹ̀ ló ń jẹ́?"

Dúrótoyè túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó ronú sí i, ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí, òun ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá ń fi ẹnu ọ̀pá gún iyanrìn. Kirby kan wà níbí, lẹ́bàá Liverpool. Òmíràn nìyí ní Yorkshire. Òmíràn, òmíràn. Ìlà-oòrùn àti àríwá kún fún ihò, apá gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní rárá. Ẹni tó bá kúrò ní ọ̀kan nínú abúlé wọ̀nyí lọ síbòmíràn, orúkọ abúlé rẹ̀ ni wọ́n á máa pè é. Ará abúlé ìhín kò bá ará abúlé ọ̀hún tan, àfi bí wọ́n bá fẹ́ ara wọn.

Èyí kò nílò ògbufọ̀. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sórí iyanrìn, wọ́n ń wo ihò.

"Ọ̀gá Bàhíà ńkọ́?" Mùsé Fernand bèèrè. "Àti pásítọ̀? Inú ihò wo ni wọ́n ti jáde?"

Òyìnbó ní òun kò mọ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ̀, irọ́ ló ń pa.

Mùsé Fernand nàró kúrò lórí iyanrìn. "Bó bá jẹ́ orúkọ abúlé ni, a jẹ́ pé a ti ń kọ ọmọ wa fún ara wọn nítorí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí. Ní tèmi, mo gbà. Ó ku Zoé."

Wọ́n yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Émilienne bá a ní yàrá, ó jókòó sí etí ibùsùn, kò rán nǹkan kan.

"Tàńtí, ẹ má bínú. Bó bá jẹ́ pé èyí ló dùn yín, mà á sọ fún un pé kó máa lọ."

"Kí ni wàá pè é nígbà tí o bá ń sọ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Émilienne.

"Èmi, arákùnrin mi ni mo pè é," ni Tàńtí Zoé wí. "Ó ní kí n wọ ọkọ̀ tẹ̀lé òun, kí n fi àwọn àgbà sílẹ̀ pẹ̀lú òfin wọn. Àwọn kọ́ ló lé Théodore. Èmi ni. Mo dúró lórí wọ́ọ̀fù, mo ní, arákùnrin mi, ó dàbọ̀. Mo gbà á gbọ́, Émilienne. Ìgbàgbọ́ yẹn ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn látìgbà náà. Òyìnbó yín wá lu ihò sílẹ̀ lónìí, ó ní irọ́ ni."

"Kò ní irọ́ ni, Tàńtí. Ó ní òun ò mọ̀."

"Ìyẹn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ ṣe ohun tó wù yín. Èmi ò ní wí nǹkan kan."

Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Kò gbà, kò kọ̀. Mùsé Fernand lọ fi orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Fádà, ó ní bóyá ọkàn Zoé á rọ̀ kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó. Émilienne kò mọ̀ bóyá ìyàwó ni òun tàbí òun kì í ṣe ìyàwó. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ Dúrótoyè, á délé, á máa sunkún, nígbà mìíràn á gbàgbé èyí tó yẹ kó ṣe níbi tó wà.

Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi tí Fádà fẹ́ ka orúkọ wọn ní Mísà. Àṣà ìjọ ni kó ka orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó, kó sì bi ìjọ bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fẹ́ ara wọn. Tàńtí Zoé wọ aṣọ dúdú rẹ̀, ó jókòó ti Émilienne láìsọ̀rọ̀.

"Dúrótoyè Kirby," ni Fádà kà, "àti Émilienne Kirby."

Ariwo kéékèèké bẹ̀rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ìdílé tó ti Brazil dé ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ òfin ilé Kirby nínú wọn. Fádà gbójú sókè. Ó bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ̀ pé àwọn méjèèjì bá ara wọn tan.

Tàńtí Zoé dìde. Émilienne rò pé ó ti parí.

"Èmi ni tányínọ̀ ilé náà," ni Tàńtí Zoé wí, ohùn rẹ̀ sì dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. "Wọn kò bá ara wọn tan. Ọkọ ọmọ mi ni. Mo fi ọmọ náà fún un."

Fádà dúpẹ́, ó ṣí ojú ìwé mìíràn. Tàńtí Zoé jókòó, ó tẹ orí ba. Ó tún sọ gbólóhùn kan sí i, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbàdúrà.

"Théodore náà kò bá mi tan."

Émilienne nìkan ló gbọ́ ọ, torí òun ló jókòó tì í. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí Mísà fi parí.